Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni: ta ni ó di ìjánu .gh mú?

Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti tajà rí ní Kùmásì kò lè gbàgbé Kejetia. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já èrò láti gbogbo ilẹ̀ Ashanti, láti Tamale lókè ọ̀hún àti láti Accra létí òkun. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọjà ńlá wà, níbi tí ariwo alákẹrù àti ti ìyá ọlọ́jà kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sọ. Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìlọrin ni ó ti pàtẹ sí Kùmásì kí Gánà tó gba òmìnira ní 1957. Gáréèjì àtijọ́ yẹn ti parẹ́ báyìí. Ilé ọjà tuntun ni ó wà níbẹ̀, tí iléeṣẹ́ Contracta ti ilẹ̀ Brazil kọ́, tí ìsọ̀ inú rẹ̀ lé ní 8,000. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìwé sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó ọjà náà tí ó fi hàn pé ta ni ó ni èwo.

Ẹni tí ó bá rò pé ìwé lásán ni irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó lọ bi àwọn àgbà tí ó padà wálé láti Gánà léèrè. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí Kùmásì, tí ó kàwé ní Kùmásì, tí ó gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ, àlejò ni bí orúkọ rẹ̀ kò bá ti sí nínú ìwé. Kì í ṣe pé kò mọ ọjà tà. Kì í ṣe pé oníbàárà kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ ni kò sí nínú ìwé, ìsọ̀ tí ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ di ti ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìwé orúkọ mìíràn ti wáyé lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sí lórí tábìlì ẹnikẹ́ni ní Kejetia, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kan gbogbo wọn níbẹ̀. Ìwé orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ. Nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀, bí alákẹrù tí ó mọ nọ́ńbà ìsọ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ìyá tí ó jókòó sínú rẹ̀. Ọmọ ènìyàn ní tirẹ̀ kò lè há nọ́ńbà gbọọrọ sórí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ìwé kan tí ó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé náà, lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, tí àmì dọ́ọ̀tì yóò sì ṣáájú rẹ̀: .ng ni ti Nàìjíríà, .bj ni ti Benin, .tg ni ti Togo, .gh sì ni ti Gánà.

Bí ẹnìkan bá tẹ knust.edu.gh láti wá Yunifásítì Kwame Nkrumah tí ó wà ní Kùmásì níbẹ̀, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ gbòǹgbò íntánẹ́ẹ̀tì pé, "Ta ni ó ń tọ́jú .gh?" Ẹni tí gbòǹgbò bá tọ́ka sí ni yóò júwe ọ̀nà yunifásítì náà. Bí onítọ̀hún bá sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ parí. Ilé ẹ̀kọ́ náà lè dúró gedegbe lórí ilẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ní ti ẹni tí ń wá a láti London tàbí láti Èkó, kò sí i.

Ẹ ò wá rí i pé agbára ńlá ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó di irú ìwé bẹ́ẹ̀ mú?

Oṣù kìíní ọdún 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ǹda .gh, ṣùgbọ́n ìjọba Gánà kọ́ ni wọ́n fi lé lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Accra tí ń jẹ́ Network Computer Systems, tí wọ́n ń pè ní NCS, ni ó gbà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nii Quaynor sì ni ó dá a sílẹ̀. Ọkùnrin yìí kàwé ní Dartmouth àti ní Stony Brook ní Amẹ́ríkà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní 1977, ó sì ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá tí ń jẹ́ Digital. Ó lè jókòó sọ́hùn-ún kí ó máa jẹ dọ́là lọ. Ó kó ìmọ̀ rẹ̀ wálé, òun àti àwọn ọmọ tí ó kọ́ níṣẹ́ sì wà lára àwọn tí ó so Gánà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2000, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ ICANN, ẹgbẹ́ tí ń ṣe kòkárí orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Àmì ẹ̀yẹ ńlá ńlá ni wọ́n ti fi dá a lọ́lá lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó jí .gh gbé. Òun ni ó jí ní kùtùkùtù nígbà tí àwọn yòókù ń sùn.

Òfin tí wọ́n fi ń pín orúkọ nígbà náà kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ. Jon Postel, ará Amẹ́ríkà tí ó ń tọ́jú ìwé orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó kọ ọ́ jáde ní oṣù kẹta ọdún 1994. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá fi orúkọ orílẹ̀-èdè lé lọ́wọ́ kì í ṣe olówó rẹ̀. Alágbàtọ́ ni. Kí ó má ṣe sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti ohun ìní. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe fún àwọn ará ìlú ni kí ó máa sọ. Yorùbá mọ alágbàtọ́ dáadáa. Ẹni tí ó gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ lè bá a wí, ó lè rán an níṣẹ́, kò sì burú bí ọmọ náà bá bá a tajà ní ìsọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ọmọ gbọ́dọ̀ lè yà wò ó lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ohun tí ìwé Postel kò sọ dáadáa nìyẹn: ta ni ẹbí, ọ̀nà wo ni wọn yóò sì gbà wọlé béèrè?

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà ni ìjọba Gánà tó jí sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2008, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin ìṣòwò orí ẹ̀rọ, Òfin 772. Òfin náà sọ pé kí wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọ́jú ìwé orúkọ .gh, kí ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, kí ó sì wà lábẹ́ òfin. Ó dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn òfin yìí, orúkọ NCS ni ó ṣì wà nínú ìwé gbòǹgbò gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní Accra kò lè dá fa ohun tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní California tu. Àwọn tí ń tọ́jú gbòǹgbò yóò fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ará ilé ti fohùn ṣọ̀kan, bóyá ẹni tí ń gbà á ní ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ tí yóò fi ṣe é, àti pé orúkọ tí àwọn ènìyàn ti ń lò kò ní kú lọ́jọ́ kan.

Bí ìjọba bá fẹ́ gbọ́mọ lọ́wọ́ alágbàtọ́, kí ó kọ́kọ́ pèsè ibùsùn. Kí a ṣe òfin, kí a sì sùn lé e lórí, ó burú ju kí òfin má tilẹ̀ sí lọ, nítorí pé oníbàárà kò ní mọ ilé tí yóò gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ. Alágbàtọ́ yóò sọ pé ìjọba ti gbà á nínú òfin; ìjọba yóò sọ pé kò tíì dé ọwọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Ní oṣù kẹta ọdún 1995 ni .ng jáde, obìnrin Yorùbá kan, Ìyáàfin Ibukun Odusote, tí ó wà ní Yaba College of Technology ní Èkó, ni orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, tí iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Ítálì sì ń bá wọn gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan: orúkọ gbogbo Nàìjíríà, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá, pẹ̀lú ẹ̀rọ ní Ítálì! Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á. Ní 2004, ó bọ́ sí ọwọ́ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀. Ní 2005, wọ́n dá ẹgbẹ́ NiRA sílẹ̀, ní 2009 ni gbòǹgbò sì gbà pé NiRA ni alágbàtọ́ tuntun. Ọdún mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ohun tí ó jáde níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dìbò yan olórí rẹ̀, tí iléeṣẹ́ mìíràn sì ń bá tà á fún aráàlú. NiRA kì í ṣe áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ẹ̀dùn ọkàn mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Ní South Africa, díẹ̀ ni ó kù kí ó dìjà. Mike Lawrie ni ó ń tọ́jú .za níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìjọba ń ṣe òfin ní 2002 láti gbà á, ó kó ojúlówó ìwé náà jáde kúrò ní ilẹ̀ náà ní oṣù kẹfà, ó sì kọ̀ láti dárúkọ ibi tí ó gbé e lọ. Ó ní kí ìjọba má baà já a gbà ní òjijì ni. Wọ́n padà yanjú rẹ̀, àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀ ni ó sì wá ń bójú tó o. Síbẹ̀, ẹ wo gbogbo báǹkì àti ilé ìtajà ilẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, tí ìjánu wọn wà níbi tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀.

Ti Mali ni ó burú jù. Wọ́n fi .ml lé Freenom, iléeṣẹ́ kan láti Netherlands, lọ́wọ́, iléeṣẹ́ náà sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá nawọ́. Kí ni àwọn gbájúẹ̀ tún ń wá? Orúkọ Mali di aṣọ tí olè ń wọ̀ jáde lálẹ́. Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé .mil ni ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá fo lẹ́tà kan, Mali ni lẹ́tà rẹ̀ lọ. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìròyìn jáde pé ó lé ní 100,000 irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí alábòójútó .ml ti rí gbà láàárín oṣù mélòó kan, ní àkókò tí àdéhùn náà ń parí tí Mali sì ń gba orúkọ rẹ̀ padà. Gabon ti gba .ga tirẹ̀ padà ní oṣù tí ó ṣáájú, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù orúkọ ni wọ́n sì gbá dànù. Bí ọmọ rere kan bá wà láàárín wọn, òun náà bá ìdọ̀tí lọ.

Kí ni èyí kan ìyá tí ń ta kẹ́ńtè ní Kejetia? Bonwire, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ náà, kò jìnnà sí Kùmásì, àwọn tí ó fẹ́ rà á sì wà ní London àti ní New York. Bí ó bá fẹ́ orúkọ tí wọn yóò fi máa wá a, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Ó lè gba .com, tí iléeṣẹ́ Verisign ń tọ́jú ní Virginia, Amẹ́ríkà. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé e, ẹni tí ó bá sì rántí bí owó sídì ṣe já wálẹ̀ ní 2022 mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tí ń ta ọjà ní sídì. Ó sì lè gba .com.gh, tí gbogbo ayé yóò fi mọ̀ pé ojúlówó kẹ́ńtè láti ilẹ̀ Ashanti ni, kì í ṣe ti ilé ìtẹ̀wé aṣọ kan nílẹ̀ òkèèrè.

Níhìn-ín ni ọ̀fìn kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ń jìn sí, ní Kùmásì àti ní Ìbàdàn. Ọmọkùnrin tí ó bá ìyá náà ṣe ojú ewé rẹ̀ ni yóò lọ fi orúkọ sílẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ ni yóò sì kọ sí àyè olóhun. Kò fi ibi ṣe é nígbà mìíràn. Ìyá kò ní ímeèlì ni. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí ọmọ náà bá rìnrìn àjò tí ó gbàgbé láti san owó ọdún, orúkọ lọ, oníbàárà lọ. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ẹni tí ó bá ń san owó orúkọ gbọ́dọ̀ béèrè, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé orúkọ ta ni ó wà nínú ìwé, ímeèlì ta ni wọn yóò fi ránṣẹ́, ọjọ́ wo sì ni yóò parí.

Àwọn ọlọ́jà Kejetia kò tíì béèrè púpọ̀. Nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà MoMo ni wọ́n fi ń ṣòwò, wọ́n sì ní ìdí. Bí nọ́ńbà fóònù bá sọnù, ọ́fíìsì wà nínú ìlú tí ìyá ọlọ́jà lè wọ̀ lọ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Bí .com.gh rẹ̀ bá sọnù, ó ṣòro fún un láti mọ ilé tí yóò wọ̀.