Kìlọ̀, Àbí Gbà Níyànjú?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó bí àkọsílẹ̀ òní. Ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó fi í ránṣẹ́ sí mi ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì: nouthetic. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ Presbyterian kan ní Èkó, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ìgbaniníyànjú lórí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọ tí ó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ John Calvin ṣe ń kọ́ ọ. Wọ́n mọ̀ pé èdè Yorùbá ni mo kà jáde ní yunifásítì, ni wọ́n bá ní, "Àbúrò, kí ni a ó máa pe èyí fún àwọn ìyá ìjọ?"

Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì wà nínú Bíbélì. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 20, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń dágbére fún àwọn alàgbà Éfésù, "kìlọ̀" ni àwọn baba wa tí ó túmọ̀ rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n létí Yorùbá, ẹni tí ó bá ń kìlọ̀ fún ni ti na ìka sókè. "Mo ti kìlọ̀ fún ọ tẹ́lẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú. "Gbà níyànjú" ní tirẹ̀ rọ̀ jù. Ẹni tí ó ń sá eré ìje pàápàá, a lè gbà á níyànjú. "Ìmọ̀ràn" ńkọ́? Lọ́yà náà ń tà á.

Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di orúkọ iṣẹ́ ni Jay Adams, olùkọ́ ní Westminster Theological Seminary ní ẹ̀bá ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1965, ó lọ bá O. Hobart Mowrer, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ṣiṣẹ́ láàárín àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ní 1968, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá CCEF sílẹ̀ láti máa gba àwọn ènìyàn níyànjú, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn mìíràn ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìwé rẹ̀, Competent to Counsel, jáde ní 1970, ó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ohun tí ó sọ ni pé àwọn olùṣọ́-àgùntàn ti gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn, àti pé bí a bá yọ àìsàn ara kúrò, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdààmú. Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe tuntun: ìwé tí Richard Baxter kọ lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde láti 1656, lẹ́yìn tí òun àti igbákejì rẹ̀ ti ń fi ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá nǹkan bí 800 ìdílé jókòó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí ó tẹ̀lé Adams kò gba gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. David Powlison, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ kí ó tó di Kristẹni, wà lára àwọn tí ó tẹnu mọ́ ìyà tí ó ń jẹ ẹ̀dá. Ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ lè jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí a ṣẹ̀.

Bóyá ìdí nìyí tí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fi kún fún ìbéèrè. Mo ṣí ojú ewé mẹ́rin kí n tó rí ẹsẹ Bíbélì kan. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ta ni o kọ́kọ́ sọ fún? Kí ni ò ń bẹ̀rù pé yóò ṣẹlẹ̀? Wọ́n ní ohun tí ó le jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni kí alàgbà pa ẹnu mọ́.

Wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fi kọ́ṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fi èmi kọ́ ọ.

Ìyá mi papò dà ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí agogo márùn-ún ìdájí bá ti lù, oorun mi dópin. Mo ti lọ bá olùṣọ́-àgùntàn kan rí, ní ìjọ mìíràn. N kò tíì sọ gbólóhùn mẹ́ta tí wọ́n fi ní ẹ̀mí ibojì ni ó ń tẹ̀lé mi, kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Mo gbà á. Ebi pa mí, oorun kò wá.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní agogo márùn-ún nígbà tí Màámi wà láyé?"

N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ni wọ́n máa ń pè mí. Kí wọ́n tó jáde lọ sí ọjà, wọn yóò ki oríkì mi lórí fóònù kí wọ́n tó bèèrè bí mo ṣe sùn. Fóònù kò dún mọ́, ṣùgbọ́n ara mi ṣì ń dìde láti gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ti kún ojú wọn. Ìgbà náà ni mo rántí pé ẹsẹ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì tí mo yẹ̀ wò kò fi "kìlọ̀" sílẹ̀ ní òun nìkan. Omijé wà nínú gbólóhùn kan náà, èmi ni mo fò ó.

Wọ́n kọ ọjọ́ tí a ó tún pàdé sílẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ rí dókítà, nítorí àìsùn oṣù mẹ́rìnlá kì í ṣe ohun tí alàgbà yóò dá wò. Mo lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n túmọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára ju "kìlọ̀" lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.