KÍ Ẹ TÓ GUN ÒRÙLÉ ILÉ OPÓ

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 2:11-18, Lúùkù 14:28-30

Oṣù díẹ̀ ló kù kí ọlidé gígùn àwọn ọmọ iléèwé dé. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ yóò wá bá pásítọ̀ wọn pé àwọn fẹ́ fi ọlidé náà tún ilé àwọn opó àti àwọn arúgbó ṣe. Ohun tó dára ni, ó sì bá Jákọ́bù 1:27 mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ìjọ yàn láti ṣáájú wọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lóṣù yìí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gun Òkè Olúmọ rí mọ bí òrùlé Abẹ́òkúta àtijọ́ ṣe rí: pánù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹ, tó pọ́n bí ilẹ̀ tí a fi mọ ilé náà. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú pánù yẹn, ògiri amọ̀ ló wà, agboòrùn ògiri amọ̀ sì ni òrùlé. Bí òjò bá ti rí ihò kan gbà wọlé, omi yóò máa mu sínú ògiri láti òkè títí ọjọ́ tí yóò fi dà lulẹ̀. A kò tíì gbàgbé òjò Oṣù Keje ọdún 2018 tó di àgbàrá ní Abẹ́òkúta, tó gbé ẹ̀mí lọ, tó sì wó ilé. Nítorí náà, ihò kékeré lórí ìyá arúgbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ wà ní Èkó, agbára àtigun àkàbà ti tán. Kí ló kù ju kó gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò, kó sì máa jí lóru láti dà á nù?

Ẹ KỌ́KỌ́ LỌ WÒ Ó

Nígbà tí Nehemáyà dé Jerúsálẹ́mù, kò pariwo. Ó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ó wá dìde ní òru pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ wo odi tó ti wó. Ẹ̀yìn èyí ló tó pe àwọn èèyàn sí iṣẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ mú káfíńtà kan àti bíríkìlà kan tí iṣẹ́ dá lójú dání, ẹ lọ wo ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé, kí ẹ mọ̀ bóyá ikán ti jẹ ẹ́. Pánù tuntun lórí igi tí ikán ti jẹ, òfò ni.

Ẹ wo ògiri pẹ̀lú. Láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò nílẹ̀ Ẹ̀gbá wa yìí, ó sì máa ń yá wa lára láti fi rẹ́ ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kì í di amọ̀ mú dáadáa. Ó máa ń há omi mọ́ inú ògiri, nígbà tó bá sì ṣí kúrò, yóò mú amọ̀ dání. Nígbà mìíràn, amọ̀ tí a pò dáadáa ló yẹ ògiri amọ̀.

Ẹ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ONÍLÉ

Ó máa ń dun àgbàlagbà kí a wọ ilé rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Kí àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí àwọn obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹ sì bi í pé: “Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ṣe?” Ẹ lè máa ro òrùlé, kó jẹ́ ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì ni kì í jẹ́ kó sùn.

Lẹ́yìn ìyá, ẹ lọ bá olórí ẹbí. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ilé ẹbí ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Nígbà tó ń jò, kò sẹ́ni tó ń dù ú. Bí ó bá ti dára tán, ẹni tí kò yọjú láti ọdún mẹ́wàá lè gbé ẹrù rẹ̀ dé, kó ní kí opó kó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àánú ṣe lè di ohun tó lé opó síta. Kí ẹ tó kan ìṣó kan, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ilé gbà lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé ibẹ̀ ni ìyá yóò máa gbé títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbàdúrà, kí ẹ tún padà lọ bẹ̀ wọ́n.

Ẹ ṢÍRÒ OWÓ IṢẸ́

Jésù sọ ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ tí kò lè parí rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ẹni yẹn dójú tì. Ẹni tó bá ṣí òrùlé opó tí kò lè bò ó, ìyá ló fi sínú òjò. Òfin kan nìyí fún yín: ẹ má ṣe ṣí òrùlé tí ẹ kò ní lè bò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kí pánù, igi àti ìṣó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó yọ ẹyọ kan. Òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ, ẹ fi iṣẹ́ òrùlé sí àkókò náà. Síbẹ̀, ẹ mú tapólì dání.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye ilé wọ̀ yín lójú. Ní 1969, Glenn Evans, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kó èèyàn 50, àgbà àti ọ̀dọ́, lọ sí Barbourville ní Kentucky, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé 4 péré ni wọ́n tún ṣe. Iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Appalachia Service Project, kò tíì dúró títí di òní. Bí ìjọ yín bá lè parí ilé kan ṣoṣo, ẹ mú ẹyọ kan.

Ẹ MÚRA ÀWỌN ỌMỌ SÍLẸ̀

Nehemáyà 3 ka àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà mọ́ àwọn tó tún odi ṣe, ẹsẹ 12 sì sọ ti Ṣálúmù àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi àwọn ọmọbìnrin sídìí ìkòkò nìkan. Kí káfíńtà wà lókè, kí àwọn ọmọ máa gbé pákó, kí wọ́n máa po amọ̀. Kí olúkúlùkù wọ bàtà tó nípọn. Pánù tó dípẹtà máa ń gé ni lára, nítorí náà ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí síìlì àtijọ́ bá jẹ́ asbestos, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Nínú ọ̀wẹ̀ àwọn baba wa, onílé ló ń bọ́ àwọn tó wá bá a kọ́lé. Ní tiyín, ẹ gbé oúnjẹ yín dání, kí ìyá má baà jẹ gbèsè nítorí yín. Síbẹ̀, bí ó bá fún yín ní ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Opó Sáréfátì ní ohun tó fún Èlíjà. Ẹ má gba iyì fífúnni lọ́wọ́ ìyá. Ẹ má sì máa gbé fọ́tò òun àti ilé jíjò rẹ̀ kiri láti fi polongo ìjọ.

Iṣẹ́ oṣù yìí: ẹ kọ orúkọ àgbàlagbà mẹ́ta tí ilé wọn ń jò ní àdúgbò yín. Ẹ lọ kí wọn láì mú òòlù dání. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tẹnu wọn.

Kí Olúwa fún yín ní ojú tó ń ríran àti ọwọ́ tó ń parí iṣẹ́. Kí òjò ọdún yìí má bá ìyá kankan nínú ìjọ wa ní ìta gbangba. Ní orúkọ Jésù. Àmín.