Fíríìjì Tó Ń Gbé Ni



Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé pé kí ó wọ bàtà kí ó tó ṣí fíríìjì. A máa ń fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Bí fíríìjì bá ń gbé ni, ó ṣeé ṣe kí wáyà iná ti kan ara irin rẹ̀. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ lásán dé ibẹ̀ ni iná yóò gba ara rẹ̀ kọjá lọ sílẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ẹ́ẹ̀tì wà nílé mi." Ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ni wọ́n ń sọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Iná tó ń wọlé wa jẹ́ 230 fólítì. Ilẹ̀ kì í ṣe wáyà bàbà. Ó máa ń ṣòro fún iná láti gbà á kọjá, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìdènà ọ̀pá yẹn bá jẹ́ 20 óòmù, iná tó lè gba ibẹ̀ lọ kò pé 12 áńpíà. Fíúsì 13 áńpíà inú púlọ́ọ̀gì kò ní já. Ara fíríìjì á sì máa gbé ni láti àárọ̀ di alẹ́.

Ohun tó kù tí a kò fi sí i ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní RCD. Àwọn mìíràn ń pè é ní RCCB. Ó ń fi iye iná tó jáde wé iye tó padà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, apá kan ti ń gba ibòmíràn lọ nìyẹn, bóyá ara ènìyàn. Èyí tó yẹ ilé gbígbé ni 30 mílíáńpíà: bí ìyàtọ̀ náà bá ti tó bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó pa iná.

Kò lè ṣe gbogbo nǹkan o. Bí ènìyàn bá di wáyà méjèèjì mú pọ̀, kò ní mọ̀. Kò gba ipò fíúsì, kò sì gba ipò ọ̀pá ilẹ̀: ọ̀pá yẹn ló ń jẹ́ kí ó tètè já kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan fíríìjì. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a kò so néútírà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó lè má ṣiṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ iná kan sì wà tó jẹ́ pé, bí ó bá ti ń já léraléra, ṣe ni wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wọ́n á so wáyà pọ̀, wọ́n á gba owó wọn. Ìwà ìkà ni. Jíjá tó ń já ni ẹjọ́ tó ń rò fún yín.

Ta ni kí ó ra á? Onílé ni. Ẹni tó gba owó ilé ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ sọ fún ayálégbé pé kí ó lọ wá ààbò ara rẹ̀. Òfin Mósè nínú Deuteronomi 22:8 ti di ẹ̀bi ẹni tó ṣubú láti orí òrùlé tí kò ní odi ru ẹni tó kọ́ ilé náà. Láti ọdún 2015 sì ni òfin ilẹ̀ wa ti gbé àjọ NEMSA kalẹ̀ láti máa yẹ iṣẹ́ iná wò, kí ó sì máa fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ bèèrè ìwé náà kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní in, bọ́tìnnì kan wà lójú rẹ̀ tí a kọ T sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iná bá wà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí iná kò bá kú lójú ẹsẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ iná lọ́jọ́ náà gan-an.