Ẹrú Ni, Kì í Ṣe Òṣìṣẹ́

Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, kú ní ọdún 1874, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi. Láti ìgbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti kọ eré-onítàn nípa rẹ̀, àwọn mìíràn ń hun ìtàn tiwọn lé e lórí. Èmi kò bá wọn jà nítorí ìyẹn. Èdè tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu ni mo ń bá jà.

Àwọn aṣelámèyítọ́ kan náà ń jà, ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń na pàṣán sí. Bí wọ́n bá ti rí "ṣọ́ọ̀ṣì" tàbí "àlàáfíà" nínú ìtàn Ìbàdàn àtijọ́, wọn a ké gbàjarè pé ọ̀rọ̀ àjòjì ti wọlé. Wọ́n gbàgbé pé David Hinderer ti tẹ̀dó sí Ìbàdàn láti 1853, ó sì ń wàásù níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí sì ti wà nílùú ṣáájú rẹ̀. Ta ni ó sọ fún wọn pé oníṣòwò ńlá bí Ìyálóde kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí?

Ọ̀rọ̀ tí ó dà bí Yorùbá pọ́nńbélé gan-an ni ó ń purọ́. Nínú ìtàn kan tí mo kà, Ẹfúnṣetán dìde láàrin àwọn ìjòyè, ó ní òun ń jà fún "ẹ̀tọ́ gbogbo obìnrin". Kò sí ọ̀rọ̀ àyálò kan níbẹ̀, síbẹ̀ ayé tiwa ni gbólóhùn náà ti wá. Ẹ̀tọ́ tí ó tọ́ sí oyè rẹ̀ lè wà lẹ́nu Ìyálóde. Ṣé ẹ̀tọ́ obìnrin tí ó fi owó rà lọ́jà náà wà níbẹ̀?

Òǹkọ̀wé yìí kan náà kò kọ "ẹrú" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Òṣìṣẹ́" ni ó ń roko Ìyálóde, "òṣìṣẹ́" ni ó ń ru ẹrù rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wo? Ṣé wọ́n ń gba owó oṣù ni, àbí wọ́n lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀? Ìwọ̀fà pàápàá, tí ó ń sìn nítorí gbèsè, tí yóò sì padà sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá san án, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Kí a tó wá sọ ti ẹni tí wọ́n kó lógun. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ròyìn pé lẹ́yìn tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí kú sórí ìkúnlẹ̀, ó di ìkà sí ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó bá lóyún. Ẹ fi "òṣìṣẹ́" rọ́pò "ẹrúbìnrin" níbẹ̀, kí ẹ tún un kà. Ìkà a di aáwọ̀ ibi iṣẹ́.

Wọn yóò ní àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni wọ́n bà á lórúkọ jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti bù mọ́ ọn lóòótọ́. Ẹ gbèjà rẹ̀ nígbà náà: ẹ sọ ti ohun ìjà tí ó fún àwọn ìjòyè láwìn tí wọn kò san owó rẹ̀, ẹ sọ pé Ààrẹ Látòósà, tí ó gbìmọ̀ ikú rẹ̀, ní ẹrú rẹpẹtẹ nílé tirẹ̀. Ẹ̀yin náà yóò rí i pé ẹjọ́ náà kò ṣeé rò láìpe ẹrú ní ẹrú.