Kọ́kọ́rọ́ Ilé Lẹ́yìn Ọdún 28

Ẹ̀bùn ni Nàìjíríà fi ń san oore fún agbábọ́ọ̀lù tó bá gba ife wálé; kò sí òfin tó sọ ohun tó tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tí eré bá tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n tún ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn Super Falcons gba ife Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá ní Rabat, Ààrẹ Tinubu sì kéde owó náírà tó tó $100,000 fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, oyè OON, àti ilé oníyàrá mẹ́ta l'Ábùjá. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́ sí wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wọn du ú. Ṣùgbọ́n nínú oṣù yẹn kan náà, ní ọjọ́ 3, ni Peter Rufai kú l'Ékòó ní ẹni ọdún 61: gólì tó ṣọ́lé fún Stationery Stores nígbà èwe rẹ̀, tó sì ṣọ́lé fún Nàìjíríà nígbà tí a gba ife ní Tunis ní 1994. Ọjọ́ 25 péré ló wà láàárín ikú rẹ̀ àti àríyá Abuja. Ìpinnu tí wọ́n kéde níbi àríyá náà kò kan ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tó ti fẹ̀yìn tì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dunni. Ìlérí tí wọ́n ṣe níbi tí ìlù ti ń dún kì í ní àkọsílẹ̀ tó lè de ìjọba tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọrùn ẹni tó ṣe é nìkan ló wà. Bí ẹni náà bá kú, tàbí tí àga bọ́ lábẹ́ rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù á di alágbe lórí ohun tó fi oógùn ara rẹ̀ gbà.

Àwọn tó gba ife Áfíríkà ní 1980 rí tiwọn gbà kíá. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún náà, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan, a sì na Àlgéríà ní 3-0. Ààrẹ Shagari fún wọn ní ilé, ó fún wọn ní mọ́tò, ó sì fi oyè dá wọn lọ́lá. Ṣùgbọ́n ilé kì í san owó ilé ìwòsàn. Múdà Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti ń ṣe mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dìde, kú ní 1991 láì tíì pé ẹni 40 ọdún. Orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré Àsẹ̀rò títí di òní. Christian Chukwu, balógun tó gbé ife ọjọ́ náà sókè, dùbúlẹ̀ àìsàn ní 2019. $50,000 ni wọ́n ń wá fún ìtọ́jú rẹ̀, gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìkéde ọmọ tó sọnù. Oníṣòwò kan, Femi Otedola, ló fi owó ara rẹ̀ gbé e. Ọmọlúàbí ni ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ńlá ni fún orílẹ̀-èdè pé ó di dandan kí ẹnì kan ṣe é. Chukwu kú ní oṣù Kẹrin 2025.

Àwọn ọmọdé tó gba ife àgbáyé ní China ní 1985 dúró di 2016, ọdún 31, kí ìjọba tó rántí ìlérí tó ṣe fún wọn. Bonfrere Jo, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kó góòlù Òlíḿpíìkì Atlanta wálé ní 1996, dúró di 2018 kó tó gba ìwé ilé rẹ̀ ní Gwarinpa. Àgbà ti dé sí i kó tó gbà á.

Nínú ìlérí ilé, ti 1994 ló burú jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Emmanuel Amunike gbá méjì wọlé, Zambia gbá ẹyọ kan, Ọ̀gágun Abacha sì ṣèlérí ilé fún gbogbo wọn. Àwọn kan rí tiwọn, àwọn kan ò rí i. Abacha kú ní 1998. Ìjọba mìíràn dé, òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ilé ṣì wà nínú fáìlì. Ọdún 2022 ni ìjọba Buhari tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún àwọn tó kù ní ilé wọn. Ọdún 28. Ọmọ tí wọ́n bí lálẹ́ ọjọ́ tí Amunike gbá bọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn wọlé ti tó ẹni tó ń tọ́mọ.

Kí ìwé ìfọwọ́sí náà tó jáde, Uche Okafor ti kú ní 2011, Rashidi Yékínì ní 2012, Thompson Oliha ní 2013, Wilfred Agbonavbare ní 2015, Stephen Keshi tó jẹ́ balógun wọn ní 2016. Èèyàn márùn-ún. Ó yẹ kí ẹni tí fáìlì náà ń kọjá lórí tábìlì rẹ̀ mọ orúkọ wọn lórí.

Ọ̀rọ̀ Agbonavbare fẹ́ kí ènìyàn fara balẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣọ́lé fún Rayo Vallecano ní Madrid, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ alátakò ti ń bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tán, àìsàn jẹjẹrẹ mú ìyàwó rẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ sì gbé owó tó kó jọ lọ. Obìnrin náà kú. Gólì Nàìjíríà wá di òṣìṣẹ́ tó ń gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú Barajas. Àwọn ọwọ́ tó ń gba bọ́ọ̀lù lójú ọ̀run ló ń ti báàgì àwọn arìnrìn-àjò, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹni tó gba ife Áfíríkà ló gbé ẹrù òun. Jẹjẹrẹ mú òun náà, ó sì kú ní ẹni ọdún 48. Rayo, ẹgbẹ́ àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Spain, fi orúkọ rẹ̀ pe ẹnu ọ̀nà kan ní pápá ìṣeré wọn.

Ti Yékínì yàtọ̀, nítorí pé àìnílé kọ́ ló dà á láàmú. Kò sí ẹni tí kò rántí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ki bọ inú àwọ̀n ní Dallas ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 1994, tó ń mi àwọ̀n náà, tó ń ké, nígbà tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú ife àgbáyé. Góòlù 37 ló gbá fún wa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ń dá gbé nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó fà sẹ́yìn fún ènìyàn, àwọn aládùúgbò sì ń rí i pé ara rẹ̀ kò yá. Dókítà ló nílò, àti ọ́fíìsì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa béèrè bí ẹni tó sin ìlú ṣe jí. Kò sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Ìra, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni wọ́n sin ín sí, ní ẹni ọdún 48.

Ti àwọn tó gba ife nínú líìgì ilé wa tún burú ju èyí lọ, Ìsàlẹ̀ Èkó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní Ìsàlẹ̀ Gángan, àwọn àgbà ṣì wà tí wọ́n lè ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores ayé àtijọ́ láti orí gólì dé ọwọ́ iwájú láìwo ìwé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí pápá ìṣeré Oníkan láti lọ wò wọ́n. Israel Adébájọ̀ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1958. Ẹgbẹ́ náà gba Challenge Cup ní 1967, 1968, 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì ní 1992. Lẹ́yìn ìyẹn ni aáwọ̀ lórí ta ló ni ẹgbẹ́ gbé e dé ilé ẹjọ́, Stores sì fọ́. Ẹni tó gba líìgì ní 1992 kò ní ọ́fíìsì tó lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí bí orúnkún bá ń dùn ún. Haruna Ilérìkà ti Stores, tó mọ bọ́ọ̀lù í lò débi pé orúkọ rẹ̀ di àṣà lẹ́nu ọmọ Èkó, tó bá Nàìjíríà gba ipò kẹta ní Áfíríkà ní 1976, kú ní 2008. Leventis United ti Ìbàdàn náà tú ká, Abíọ́lá Babes ti Abẹ́òkúta náà tú ká. Olówó dá wọn sílẹ̀, olówó pa wọ́n tì, kò sì sí òfin tó bi wọ́n léèrè àwọn tí wọ́n lò. Oníkan ti di tuntun, wọ́n ti fi orúkọ Mobolaji Johnson pè é. Owó wà fún kọnkéré.

Òótọ́ ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ná owó wọn nínàkúnàá. Òótọ́ sì ni pé àwọn tó fi ìwé kún bọ́ọ̀lù nínú ọmọ 1980 kò ráhùn: Adokiye Amiesimaka di agbẹjọ́rò àti kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ ní Rivers, Ọdẹ́gbàmí dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Wásinmi, Felix Owólàbí kàwé títí ó fi di ọ̀mọ̀wé. Èyí kò mú gbèsè kúrò lọ́rùn orílẹ̀-èdè.

Brazil, ìlú tí àwọn Àgùdà Pópó l'Ékòó ti wá, ti san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ní 2012, bí Brazil ti ń múra fún ife àgbáyé, ó kọ ọ́ sínú òfin pé kí wọ́n fún àwọn tó gba ife ní 1958, 1962 àti 1970 ní R$100,000 lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn tí kò rọ́wọ́ họrí nínú wọn sì máa gba owó lóṣooṣù, kí opó àti ọmọ wọn tí kò tíì tójúúbọ́ jogún ẹ̀tọ́ náà bí bàbá bá kú. Ẹni tó darúgbó ní Rio kò ní láti dúró de inú dídùn Ààrẹ.

Kí Ilé Aṣòfin kọ irú òfin bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ìtọ́jú ìlera sí i, kí àjọ bọ́ọ̀lù má ṣe forúkọ ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀ fún líìgì láìjẹ́ pé ó ń dá owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀.

Rasheedat Ajíbádé, ọmọ Mushin, balógun àwọn Super Falcons, jẹ́ ẹni ọdún 25 nígbà tó gba ife ní Rabat. Bí ìlérí tirẹ̀ bá rin ìrìn ti 1994, ọdún 2053 ni ìwé ilé rẹ̀ yóò jáde. Yóò ti lé ní ẹni 50 ọdún nígbà náà.