Owó Kò Gbọdọ̀ Dí Ọ̀nà Tí Ọlọ́hun Ṣí Sílẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo àgbáyé. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ní Maryland, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí ìdílé Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá wà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣòfin lọ́dún 1998 pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera tí ó bá ń san owó oògùn mìíràn gbọdọ̀ san owó oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí pẹ̀lú. Òfin ìlera ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010, sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin láti ọdún 2012. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2014 àti 2020, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gba àwọn agbanisíṣẹ́ kan láàyè láti yọ ara wọn kúrò nítorí ẹ̀sìn wọn. Ní ọdún 2022, Adájọ́ Clarence Thomas kọ ọ́ pé ó yẹ kí wọ́n tún ìdájọ́ ọdún 1965 gbé yẹ̀wò, èyí tí ó fún tọkọtaya ní ẹ̀tọ́ láti lo ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ohun tí adájọ́ kan fi kálámù kọ, adájọ́ mìíràn lè fi kálámù pa á rẹ́. Ìdí nìyí tí òfin ìpínlẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Kí ni ó kan Mùsùlùmí níbẹ̀? Àwọn kan ń sọ pé haráàmù ni gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hádíìsì Jábír, tí Imam Bukhari àti Imam Muslim gbé jáde, fi hàn pé àwọn sàhábà a máa da omi wọn síta nígbà tí Àlùkùráánì ṣì ń sọ̀kalẹ̀, a kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Imam Ghazali náà fàyè gbà á. Ohun tí Ọlọ́hun kọ̀ nínú Súrà Al-Isra ni pípa ọmọ nítorí ìbẹ̀rù òṣì. Dídènà oyún kì í ṣe pípa ọmọ. Súrà Al-Baqarah sì fi ọdún méjì gbáko lélẹ̀ fún ìyá tí ó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú pé.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé àgbèrè yóò gbilẹ̀. Àgbèrè burú, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ń dènà rẹ̀, kì í ṣe ọ̀wọ́n oògùn. Ìyàwó ilé tí ọmọ rẹ̀ kò tíì já lẹ́nu ọmú ni ọ̀wọ́n yìí ń pa lára.

Òfin ìpínlẹ̀ ní ààlà. Nítorí òfin àpapọ̀ ọdún 1974, kò de àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi owó ara wọn san owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, bí a kò bá rí ádàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ ni àwọn àgbà ń wí. Mùsùlùmí kì í rúbọ, ṣùgbọ́n ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó ní ẹ̀tọ́ ìbò níbẹ̀ bá aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, kí òfin yìí lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, láìfi ipá mú ẹnikẹ́ni láti lo oògùn. Ọwọ́ tọkọtaya ni ìpinnu wà, pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun tọ́ àwọn ẹrúsìn Rẹ̀ sọ́nà. Àmín.