Ìwádìí Tó Bá Sùn Sínú Fáìlì Kò Lè Wo Ọmọ Sàn

  Ọ̀rọ̀ òògùn la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń lò ó. Àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ òògùn fún wa ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn: ọ́físì ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, tó sì ń rán àwọn olùyẹ̀wò jáde. Bí irú ọ́físì bẹ́ẹ̀ bá kùnà, tí ìjọba wá yẹ inú rẹ̀ wò, tí wọ́n rí ohun tó bàjẹ́, kí ló yẹ kó tẹ̀ lé e? Kí ló sì kan àwa tó wà lábúlé nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ti Gáńbíà ṣe àpẹẹrẹ, torí kò tíì pẹ́ rárá.

Ní nǹkan bí oṣù keje ọdún 2022, àwọn dókítà nílùú Banjul bẹ̀rẹ̀ sí rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn ò lè tọ̀ mọ́. Ibà àti ikọ́ lásán ló kọ́kọ́ ṣe wọ́n. Òbí ra òògùn fún wọn, wọ́n mu ún, lẹ́yìn náà ni inú rírun bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bì, ìtọ̀ sì dá. Dókítà Abubacarr Jagne, tó jẹ́ dókítà àrùn kíndìnrín, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ké gbàjarè. Nígbà tí wọ́n wádìí ohun tí àwọn ọmọ náà ti mu, òògùn olómi ni, èyí tí àwa níbí ń pè ní siró. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, kéde fún gbogbo ayé pé májèlé wà nínú òògùn olómi 4 tí orúkọ ilé iṣẹ́ Maiden Pharmaceuticals ti Íńdíà wà lára wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní òun kọ́, ìjọba Íńdíà náà ní àyẹ̀wò tiwọn kò rí nǹkan. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọmọ 70 ló kú ní Gáńbíà, púpọ̀ nínú wọn ò sì tíì pé ọdún 5.

Kí ni májèlé náà? Kẹ́míkà kan ni tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀. Ó dùn lẹ́nu, kò ní àwọ̀, ó sì jọ ohun tó tọ́ kí wọ́n fi po òògùn olómi, bẹ́ẹ̀ ó rọ̀ jù ú lówó. Ìyá ọmọ kò lè fi ojú dá a mọ̀. Ẹni tó ń tajà kò lè fi ahọ́n dá a mọ̀. Ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè tú u fó. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ní láti ní ọ́físì tó ń yẹ òògùn wò. Kì í ṣe ohun tí ìdílé kan lè dá ṣe fúnra rẹ̀.

Gáńbíà sì ní ọ́físì ọ̀hún o. Òfin ọdún 2014 ló dá a sílẹ̀, Medicines Control Agency ni wọ́n ń pè é. Òfin náà sọ pé òògùn kankan kò gbọdọ̀ wọlé bí wọn ò bá tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ náà, Ààrẹ Adama Barrow gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìjọba sọ ohun tí ìgbìmọ̀ rí: àwọn òògùn náà kò forúkọ sílẹ̀ rárá kí wọ́n tó wọ orílẹ̀-èdè. Wọ́n lé àwọn ọ̀gá 2 tó wà lókè ọ́físì náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ọ́físì náà ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2023, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo òògùn tó bá ń bọ̀ láti Íńdíà wò kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀yin ará, ó dára tí wọ́n ṣe ìwádìí. Ó dára tí wọ́n kéde rẹ̀. Ìjọba mélòó ló ń jẹ́ kí ará ìta gbọ́ ohun tó bàjẹ́ nínú ilé òun? Àṣẹ pé kí wọ́n yẹ òògùn wò kó tó kúrò níbi tó ti ń bọ̀, ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé lílé ọ̀gá kò tó ìdáhùn. Àwọn baba wa ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ lè pa alángbá méjì lónìí, bí ihò bá ṣì wà lára ògiri, òmíràn á wọlé lọ́la.

Ihò ibẹ̀ tó mẹ́ta. Èkíní: òfin wà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrù dé, kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ibodè pé "Ìwé àṣẹ òògùn yìí dà?"  Èkejì: nígbà náà, Gáńbíà kò ní ilé àyẹ̀wò òògùn tirẹ̀. Òkèèrè ni wọ́n ní láti gbé òògùn náà lọ kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Olùyẹ̀wò tí kò ní ẹ̀rọ, ojú lásán ló ní, a sì ti sọ pé ojú lásán kò rí májèlé yìí. Ẹ̀kẹta: ìròyìn pẹ́ kó tó dé ilé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá gbóná, àwọn olùyọ̀ǹda Red Cross ní láti máa lọ láti ilé dé ilé láti gba ìgò òògùn lọ́wọ́ àwọn ìyá. Ẹ rò ó wò: ìgò tó wà lórí pẹpẹ nínú yàrá, tí ọmọ lè tún mu lóru ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá rò pé ti Gáńbíà nìkan ni, ẹ wo Nàìjíríà, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí jù. Ní ọdún 1990, májèlé yìí kan náà wà nínú òògùn parasẹtamọ́ọ̀lù olómi ní Ìbàdàn àti ní Jos, ó sì pa ọmọ tó lé ní 100. Lẹ́yìn rẹ̀, òfin ọdún 1993 dá NAFDAC sílẹ̀. Ọ́físì wà, bẹ́ẹ̀ òògùn ayédèrú ò dẹ́kun. Ní ọdún 2001 ni wọ́n fi Dora Akunyili ṣe ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin tí àbúrò rẹ̀ kú nítorí òògùn àtọ̀gbẹ ayédèrú. Inú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba rìbá. Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó ní òògùn kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi èbúté ọkọ̀ ojú omi àti ti òfúrufú tí wọ́n yàn. Ó rán àwọn olùyẹ̀wò lọ sí Íńdíà àti Ṣáínà. Ó sì ń kéde orúkọ òògùn ayédèrú nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, kí ará ọjà lè gbọ́. Ìyẹn dun àwọn oníṣòwò burúkú débi pé wọ́n yìnbọn sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2003. Orí ló yọ ọ́.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, láti ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, òògùn eyín ọmọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin tún pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ra ohun èlò lọ́wọ́ oníkẹ́míkà kan tí kò ní ìwé àṣẹ. Ẹ rí i bí? Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, ọmọ 84. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé títún ọ́físì ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí ilé ni, ojoojúmọ́ là ń gbá a.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wálé. Tógò náà kò jókòó lásán. Òfin ìjìyà ọdún 2015 sọ pé ẹni tó bá ń ta òògùn ayédèrú lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 20, kó sì san owó ìtanràn tó lè dé mílíọ̀nù 50 séfà. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ní Lomé wa níbí, àwọn ààrẹ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á gbógun ti òògùn ayédèrú. Orílẹ̀-èdè 7 ló wà nínú ètò náà, Tógò wà níbẹ̀, Gáńbíà náà wà níbẹ̀. Ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Gáńbíà ń kú. Ìwé tí a fọwọ́ sí dára, àmọ́ ìwé kì í yẹ ìgò wò.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ níbi tó jókòó sí. Ó ń sọ pé: "Ẹ fi àwọn olóògùn ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sílẹ̀ jàre. Famasí jìnnà, ó wọ́n. Bí orí bá ń fọ́ mi lóru, ìyá tó gbé igbá òògùn sórí ló sún mọ́ mi." Òótọ́ ni. Mi ò bú ẹni tó ń rà, ìyá tó ń tà náà ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Òun gan-an lè má mọ ibi tí ẹrù ti wá. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń bínú sí ọ́físì nìyẹn. Bí olùyẹ̀wò bá dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tó gba igbá ìyá arúgbó, tó dáná sun ún, tó sì bá tirẹ̀ lọ, kò tíì tọ́jú wa. Ẹni tó kó ẹrù náà gba ibodè wọlé ṣì wà nílé ńlá rẹ̀. Àyẹ̀wò tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí igbá, tí kì í dé ibodè, ẹni tí kò lágbára nìkan ló ń mú.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí ọ́físì òògùn bá yẹ ara rẹ̀ wò, ní Lomé tàbí níbikíbi, ohun mẹ́ta ni kí a béèrè. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ láti ta òògùn ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé ìwòsàn àti ilé ìjọba, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò ní èdè tí a gbọ́. Kí olùyẹ̀wò tó wá sí ọjà wa fi èsì sílẹ̀ lọ́wọ́ olórí abúlé: ọjọ́ tó wá, ohun tó rí, ohun tó gbà. Kí ibì kan wà tí a lè mú ẹjọ́ lọ, tí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò ní jẹ́ òun náà ni yóò gba ẹjọ́ ọ̀hún. Èyí kò gba owó púpọ̀. Ohun tó gbà ni pé kí ọ́físì má bẹ̀rù ojú wa.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ ṣe èyí. Ẹ má ra òògùn olómi fún ọmọ láìjẹ́ pé ẹ wo bóyá ìdérí rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe dì í, bóyá orúkọ ilé iṣẹ́, nọ́ńbà lọ́ọ̀tù àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà lára ìgò. Bí ẹ bá lè dé famasí tàbí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ má sọ ìgò nù títí ara ọmọ á fi yá. Bí ọmọ bá mu òògùn, tó wá ń bì, tí inú ń run ún, tí kò sì tọ̀, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ mú ìgò náà dání. Ìgò yẹn lè gba ọmọ yín là, ó sì lè gba ọmọ aládùúgbò là.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jíròrò lórí ìwọ̀nyí kí ẹ tó tú ká:

Ta ló ń ta òògùn lábúlé wa, ta ló sì mọ ibi tó ti ń rà á?

Ìgbà wo ni olùyẹ̀wò wá sí ọjà wa kẹ́yìn, kí ló sì sọ fún wa kó tó lọ?

Ta ni a lè rán lọ sí ilé ìwòsàn láti béèrè orúkọ àwọn tó ní ìwé àṣẹ?

Ẹ kọ èsì yín, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó kà á.